Epo Pupa àti Epo Rọ̀bì: Ìtàn Ìyípadà Ohun Èlò Inú Ilé Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ yóò di ọṣẹ. Ewé àti ọṣẹ tí òwe yìí dárúkọ kì í ṣe ohun àfiṣàpèjúwe lásán. Ọjà gidi ni wọ́n. Ewé ni ọlọ́ṣẹ fi ń di ọṣẹ dúdú kí ó tó gbé e lọ sí ọjà. Bí ọṣẹ náà bá sì pẹ́ kí ó tó tà, ewé a rọ̀, a lẹ̀ mọ́ ọṣẹ, títí kò fi ní sí ẹni tí yóò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Lóde òní, ọ̀rá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́ṣẹ fi ń di ọjà wọn. Ọ̀rá ìbáà lo ogún ọdún lára ọṣẹ, kò lè di ọṣẹ. Bí a bá sì sọ ọ́ sí ààtàn, kò ní jẹrà bọ̀rọ̀. Òwe náà ṣì wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí ó bí i ti ń kúrò ní ọjà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ káàkiri àgbáyé pé ó yẹ kí a máa fi ewéko ṣe lára àwọn ohun èlò tí a ń fi epo rọ̀bì ṣe. Epo rọ̀bì kì í hù. Èyí tí a bá fà jáde lábẹ́ ilẹ̀ lónìí, kò sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Èéfín rẹ̀ ń mú kí ayé túbọ̀ máa gbóná, ike àti ọ̀rá tí a ń fi ṣe sì ń dí gọ́tà, wọ́n ń kún odò àti òkun. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ pé a lè fi ewéko rọ́pò epo rọ̀bì, ńṣe ni wọ́n máa ń rò pé ohun àjèjì tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ epo mọ́tò sílẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí ohun kan tí epo rọ̀bì gbé wọ inú ilé tí kò bá ohun tí a fi ewéko ṣe nípò rẹ̀. Epo rọ̀bì ni àlejò. Ewéko ni onílé.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tọ ipasẹ̀ bí onílé ṣe fi ààyè sílẹ̀ fún àlejò, kí ó sì fi hàn pé inú ìtàn náà ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn náà kò dá ewéko láre pátápátá, kò sì dá epo rọ̀bì lẹ́bi pátápátá.

Ilé Yorùbá Kí Epo Rọ̀bì Tó Dé

Nínú gbogbo igi tí Yorùbá mọ̀, ọ̀pẹ ni ó wúlò fún ilé jù. Ara ẹyìn ni epo pupa ti ń wá, inú èkùrọ́ ni àdín ti ń wá. Imọ̀ rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọgbà àti àtíbàbà, ọ̀wá inú imọ̀ náà ni a sì fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Ihá tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti fún epo tán kì í ṣòfò. Òun ni a fi ń dáná, òun náà ni a sì fi ń ṣe ògùṣọ̀ tí a ń tàn lóru. Àwọn alágbẹ̀dẹ a máa fi èèpo èkùrọ́ dáná ìrin, nítorí pé iná rẹ̀ mú gidigidi.

Fìtílà amọ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí iyàrá. Epo pupa tàbí àdín ni a ń bù sí i, òwú tí a lọ́ ni ó sì ń fa epo náà sókè fún iná láti jó. Ní apá òkè Ọ̀yọ́, níbi tí igi ẹ̀mí ti pọ̀ ju ọ̀pẹ lọ, òrí a máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Iná yìí kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀, èéfín rẹ̀ a sì máa kun ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti oko.

Ọṣẹ dúdú tilẹ̀ fi ọgbọ́n àwọn ìyá àtijọ́ hàn ju fìtílà lọ. Wọn a sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ihá títí yóò fi di eérú. Nígbà tí kòkó sì di ohun ọ̀gbìn, èèpo kòkó wá di ohun tí wọ́n ń sun jù. Wọn a kó eérú náà sínú ajere, wọn a sì máa da omi lé e lórí. Omi tí ó bá ń kán jáde láti ìsàlẹ̀ ni ó ní agbára, òun ni wọ́n ń gbé kaná pẹ̀lú epo tàbí àdín, tí wọ́n ń rò ó títí yóò fi dì. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń kọ́ni nípa bí ọ̀rá àti omi eérú ṣe ń parapọ̀ di ọṣẹ, ìdí ààrò ni àwọn obìnrin Yorùbá ti ń ṣe é láìkọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ewé ni ó gba ìmọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ewé ni a fi ń di gbogbo nǹkan. Ewé eéran gbòòrò, ó rọ̀, kì í ya bọ̀rọ̀ nínú omi gbígbóná. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ààyò fún ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ewé gbòdògì ni àwọn olóbì fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Ní ti ohun èlò ìpọnmi àti ìbùmu, igbá, ahá, kèrègbè àti agbè ni wọ́n ń lò, orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn sì ti ń fà. Bí igbá bá fọ́, a ó fi okùn gán an. Bí kò bá ṣeé gán mọ́, ààtàn ni yóò lọ, ilẹ̀ yóò sì gbà á padà.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí a fi adùn ìrántí bo ìyà tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni iṣẹ́ yìí pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Kí a tó rí agbè epo kan, a ó ti se ẹyìn, a ó ti gún un tàbí tẹ̀ ẹ́, a ó ti fún un, a ó sì ti pọn omi lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí kò bá ka làálàá yìí sí kò lè lóye ìdí tí àwọn ènìyàn fi yára gba ohun tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdíje Àkọ́kọ́ Láàrin Epo Méjèèjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ní ọdún 1956, nígbà tí a rí epo rọ̀bì ní Olóíbírì, ni ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ti kan ilẹ̀ Yorùbá ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ni epo rọ̀bì ọ̀hún wà.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, díẹ̀díẹ̀ ni epo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà pàtàkì ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì nílò epo fún ọ̀pọ̀ nǹkan: láti fi ṣe ọṣẹ, láti fi pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, láti fi ṣe iṣẹ́ páànù. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé kan, Michel Chevreul, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rá jáde ní 1823, ìmọ̀ yìí ni ó sì mú kí ó ṣeé ṣe láti fi epo pupa ṣe àbẹ́là tí kì í rùn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun kọlu Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gbà á ní 1861, Èkó di ẹnu ọ̀nà tí epo àti èkùrọ́ láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ń gbà jáde. Àwọn oníṣòwò ńlá bíi Ẹfúnróyè Tinúbú rí ọrọ̀ nídìí òwò náà. Ní ìgbà yẹn, a lè sọ pé ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni epo kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àwọn epo àtijọ́ nínú àtùpà, tí àbẹ́là tí a fi epo rọ̀bì ṣe ń bá ti epo pupa du ọjà, tí epo inú ilẹ̀ sì ń gba iṣẹ́ pípa ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Èyí nìkan kọ́ ni ó fa ìṣòro. Ọ̀rá ẹran àti epo mìíràn náà ń wọlé sí Yúróòpù láti ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1880 sí 1890, owó epo pupa ti já wálẹ̀ púpọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ní ogún sí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí, a kò sì parí rẹ̀ pátápátá títí di 1893. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1968, òpìtàn A. G. Hopkins dá a lábàá pé bí owó epo ṣe já wálẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjà le láàrin àwọn ìlú Yorùbá, tí ó sì ti àwọn oníṣòwò Èkó láti máa bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí ó wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní 1972, J. F. Adé Àjàyí àti R. A. Austen kọ̀wé láti ta ko àbá náà. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àárín àwọn ìlú náà kò ṣeé fi owó ọjà nìkan túmọ̀. Àríyànjiyàn náà kò tí ì tán. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀: nígbà tí epo rọ̀bì àti epo pupa kọ́kọ́ pàdé nínú ọjà àgbáyé, ẹni tí ń gun ọ̀pẹ àti ẹni tí ń fún epo kò sí níbi tí a ti ń dá iye owó, wọn kò sì mọ ohun tí ó fà á tí ọjà wọn fi kùtà.

Kí ọ̀rúndún náà tó parí, kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ ti wà lára ẹrù tí àwọn oníṣòwò ń kó wọ Èkó. Yorùbá pè é ní epo òyìnbó. Orúkọ yìí gba àfiyèsí: wọn kò kà á sí ohun tí kò ní ìbátan, ọmọ ìyá epo pupa ni wọ́n kà á sí, tí ó kàn jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ó ti wá. Ó mọ́lẹ̀ ju àdín lọ, kì í dì nígbà ọyẹ́, kò sì gba làálàá kankan lọ́wọ́ ẹni tí yóò tàn án ju kí ó rówó rà á lọ. Báyìí ni fìtílà amọ̀ ṣe di ohun tí a ń wá sí ojúbọ ju inú iyàrá lọ.

Ìtàn Igi Ìrẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ohun tí ó bá ti ara igi wá kò lè ba ayé jẹ́, kí ó ka ìtàn igi ìrẹ́. Igi yìí pọ̀ nínú igbó Yorùbá, oje funfun ni ó sì wà lára rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe rọ́bà. Nígbà tí táyà onífẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ di ohun tí ayé ń wá lẹ́yìn 1888, rọ́bà di ọjà olówó iyebíye. Ní nǹkan bí 1894, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà Èkó, àwọn tí ó mọ bí a ti ń kọ igi rọ́bà wá láti Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní, àwọn ará ilé náà sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìrọ́kẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tí ó ti Èkó jáde ju ìwọ̀n pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5 lọ. Ní 1896, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí ọjà náà fi wó lulẹ̀. Owó tí ń wọlé kò jẹ́ kí àwọn tí ń kọ igi ní sùúrù. Wọ́n ń kọ ọ́ jinlẹ̀ jù, wọ́n ń kọ èyí tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò tí ì jiná, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé igi lulẹ̀ kí wọ́n lè gba gbogbo oje rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ìrẹ́ ni ó gbẹ dúró nínú igbó. Àwọn àgbà ní àṣejù baba àṣetẹ́. Òwe náà ṣẹ láàrin ọdún márùn-ún sí mẹ́fà péré. Ní ilẹ̀ Kóńgò, tí ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù fi ṣe ti ara rẹ̀ láti 1885 sí 1908, ìyà tí rọ́bà mú wá burú ju èyí lọ, nítorí pé pẹ̀lú ìbọn àti pàṣán ni wọ́n fi ń lé àwọn ènìyàn wọ igbó láti lọ kó o.

Epo rọ̀bì náà ni ó wá gba ipò oje igi níkẹyìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí Japan gba Màléṣíà tí a ti ń gbin rọ́bà lọ́pọ̀ yanturu, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yíjú sí epo rọ̀bì láti fi ṣe rọ́bà. Ọ̀rọ̀ náà sì rìn títí wọ inú èdè Yorùbá: bí ẹnìkan bá ní kí a gbé rọ́bà ìpọnmi wá lónìí, ike ni yóò rí. Orúkọ oje igi ti di orúkọ ohun tí a fi epo rọ̀bì ṣe.

Ọṣẹ, Ike àti Ọ̀rá

Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ Lever Brothers dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ ní Àpápá. Epo ọ̀pẹ ni ọṣẹ wọn náà fi ṣe ara. Nítorí náà, àyípadà tí ó bá ọṣẹ dúdú nígbà náà kì í ṣe ti epo rọ̀bì bí kò ṣe ti ẹ̀rọ àti ìpolówó ọjà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi epo rọ̀bì ṣe gbòde. Ó ń hó nínú omi tútù, ó sì ń yọ ìdọ̀tí kíákíá. Ṣùgbọ́n láàrin 1950 sí 1960, odò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí àgbá ẹmu ní Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nítorí pé irú ọṣẹ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kì í jẹrà nínú omi. Jámánì ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1961, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ sì yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ èròjà tí ń mú kí ọṣẹ ìfọrun àti ọṣẹ ìfọṣọ hó ni a ń rí láti inú àdín àti òróró àgbọn. Ìyẹn ni pé nínú ike olómi ọṣẹ tí ó dé láti òkè òkun, ó ṣeé ṣe kí ọjà èkùrọ́ wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó rà á mọ̀.

Ní ti ọ̀rá, ilé iṣẹ́ kan ní Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Eric Fawcett àti Reginald Gibson ti ṣèèṣì rí èròjà rẹ̀ ní 1933. Ní 1965, ilé iṣẹ́ kan ní Sweden gba ẹ̀tọ́ lórí àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, èyí tí Sten Gustaf Thulin hùmọ̀. Nígbà tí ó dé ọjà Yorùbá, àwọn ènìyàn pè é ní ọ̀rá, bóyá nítorí pé ó ń dán, ó sì ń yọ̀ bí ọ̀rá ẹran. Kò ní òórùn, omi kì í wọ̀ ọ́, kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹlẹ́kọ tí ó ti ń jí ní òwúrọ̀ láti lọ já ewé lójú odò, tàbí tí ó ń ra ewé tí owó rẹ̀ ń gòkè sí i nítorí pé a ti gé igbó tí ewé ti ń hù, ìsinmi ni ọ̀rá jẹ́ fún un. Nígbà tí omi inú ọ̀rá tàn kálẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 20, ó pa òùngbẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní omi ẹ̀rọ nílé. Ẹni tí ó bá ń bú ọ̀rá láìrántí èyí, ó ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ìdajì kejì wà nínú gọ́tà. Ewé tí a jù nù a máa jẹrà, ewúrẹ́ sì lè jẹ ẹ́. Ọ̀rá tí a jù nù a máa kó ara jọ. Ní ìlú tí òjò pọ̀ sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí Èkó, gọ́tà tí ọ̀rá dí ń fi kún omíyalé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fòfin de abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ta oúnjẹ; láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni ó sì sọ pé òfin yóò mú àwọn ohun èlò oníke tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Kẹ́ńyà ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rá ní 2017, Rùwáńdà sì ti ṣe é ní 2008. Òfin lè lé ọ̀rá kúrò ní ọjà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún ẹlẹ́kọ ibi tí yóò ti rí ewé.

Ìpadàbọ̀ Ewéko

Èrò pé kí ewéko ṣe iṣẹ́ epo rọ̀bì kì í ṣe ọmọ òní. Níbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Paris ní 1900, ẹ̀rọ kan tí Rudolf Diesel hùmọ̀ irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà. Ní 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a lè gbà sọ epo ọ̀pẹ di epo ọkọ̀. Ní ọdún kejì, bọ́ọ̀sì èrò kan fi epo ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ rìn láàrin Brussels àti Louvain. Epo ọ̀pẹ ti wa ọkọ̀ ní Yúróòpù ní ogún ọdún kí epo rọ̀bì Nàìjíríà tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun ní 1958. Ohun tí ó dá iṣẹ́ náà dúró ni pé epo rọ̀bì pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré.

Orílẹ̀-èdè tí ó tẹ̀ síwájú jù lọ́nà yìí ni Brazil. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ga gan-an lẹ́yìn 1973, ìjọba ibẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1975 pé kí a máa fi ìrèké ṣe ọtí tí ọkọ̀ yóò máa lò bí epo. Ní 1979, ọkọ̀ tí ó ń fi ọtí ìrèké nìkan rìn ti wà lójú títì. Ní 2010, ilé iṣẹ́ Braskem ṣí ibi kan ní Triunfo, níbi tí wọ́n ti lè máa fi ọtí ìrèké ṣe 200,000 tọ́ọ̀nù èròjà ike àti ọ̀rá lọ́dún. Ọ̀rọ̀ ìrèké Brazil kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò sí Yorùbá. Nínú oko ìrèké Bahia ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lẹ́rú nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dàrú ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Epo pupa tí àwọn ọmọ wọn ń pè ní dendê ṣì wà nínú oúnjẹ ibẹ̀ di òní. Ìrèké tí ó ń rọ́pò epo rọ̀bì lónìí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì mọ́.

Ibi tí ó yẹ kí ìlanilọ́yẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọ̀rá tí a fi ìrèké ṣe ní Triunfo kò yàtọ̀ ní ìṣẹ̀dá sí ọ̀rá tí a fi epo rọ̀bì ṣe. Bí a bá jù ú sí gọ́tà, yóò dí gọ́tà. Kò ní jẹrà. Ibi tí nǹkan ti wá yàtọ̀ sí ibi tí yóò parí sí. Ike mìíràn wà tí a fi àgbàdo ṣe, tí ó lè jẹrà, ṣùgbọ́n tí ó nílò ibi tí ooru rẹ̀ pọ̀ tí a ṣètò fún un. Lórí ààtàn lásán, ó lè pẹ́ púpọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, pé nǹkan kò jẹrà ni a fẹ́: láti àwọn ọdún 1940 sí 1949 ni wọ́n ti ń fi òróró èso lárà ṣe oríṣi náílọ́ọ̀nù kan ní Faransé, a sì ń lò ó fún ọ̀pá inú ọkọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ lágbára. Fún ohun tí a ó lò fún ogún ọdún, èyí dára. Fún ohun tí a ó fi di mọ́ínmọ́ín fún wákàtí kan, ewé eéran ṣì ni ọ̀gá, nítorí pé ó ti orí ilẹ̀ wá, orí ilẹ̀ ni ó sì ń padà sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ilé iṣẹ́ fún un.

Ìtàn ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ tún fi ewu mìíràn hàn. Láti inú ọ̀pẹ mẹ́rin tí a gbìn sí Bogor ní erékùṣù Java ní 1848 ni púpọ̀ nínú ọ̀pẹ oko ńláńlá Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ti ṣẹ̀. Nàìjíríà tí ó ṣíwájú gbogbo ayé nínú òwò epo pupa pàdánù ipò náà fún Màlẹ́síà ní àárín àwọn ọdún 1960 sí 1969; lóde òní, ó ń ra epo pupa láti òkèèrè. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í da epo ọ̀pẹ sínú ọkọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, igbó tí a gé ní Indonesia àti Màlẹ́síà láti gbin ọ̀pẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pinnu ní 2018 pé òun yóò máa dín in kù títí di 2030. Ìjọba Nàìjíríà náà gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2007 pé kí a máa fi ohun ọ̀gbìn bí ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ṣe epo tí a ó pò mọ́ epo mọ́tò. Ìlànà náà kò tí ì di ohun tí ará ìlú ń rí níbi tí a ti ń ra epo, ìbéèrè kan sì wà nínú rẹ̀ tí àgbẹ̀ èyíkéyìí lè béèrè: bí ọkọ̀ bá ń jẹ ẹ̀gẹ́, èló ni gààrí yóò jẹ́?

Ìkádìí

Láti inú ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò, ó hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí ń la ará ìlú lọ́yẹ̀ fi kọ́ wọn láti máa fi wo ohun èlò tuntun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà gba ohun gbogbo tí a bá kọ orúkọ ewéko sí lára. Èkíní ni pé, báwo ni a ṣe ń kórè rẹ̀? Igi ìrẹ́ kú nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè èyí ní àsìkò. Èkejì ni pé, ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ta ni ó sì ń dá iye owó rẹ̀? Àwọn tí ń fún epo nígbà Ogun Kírìjì kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé, níbo ni yóò parí sí? Ìbéèrè yìí ni ewé fi borí ọ̀rá, òun sì ni ọ̀rá ìrèké kò rí dáhùn.

Iṣẹ́ pọ̀ níwájú. Bí ewé yóò bá padà sí ọjà, a ní láti gbìn ín bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́, kí ó má jẹ́ pé inú igbó tí ń tán lọ nìkan ni a ó ti máa wá a. Bí ọṣẹ dúdú yóò bá bá ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú figa gbága, ẹ̀rọ ní láti gba làálàá rẹ̀ kúrò lọ́rùn obìnrin. Ní Íńdíà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ewé ọ̀pẹ tí ó já bọ́ fúnra rẹ̀ di abọ́ oúnjẹ. Kò sí ohun tí ó ní kí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ níbi tí imọ̀ ọ̀pẹ àti haidi ìrèké ti ń jóná lásán. Àwọn ìyá tí ó mọ ewé tí ó yẹ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí omi eérú tó se ọṣẹ, ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ wọn ni kò sì sí nínú ìwé. Bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá lè kọ́ ọmọ ní bí kànga epo rọ̀bì ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n lè kọ́ ọ ní bí ajere eérú ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Epo rọ̀bì kò ní kúrò nílé lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ohun gbogbo kọ́ ni ewéko sì lè ṣe. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ní ti àwọn ìran tí ó fi igbá jẹun, bí igbá bá fọ́ lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ a gbà á. Ìran tí ó ń fi ike jẹun kò tí ì rí ẹni tí yóò bá a gba tirẹ̀.